Owó ìrànwọ́ fún Odò Àlà àti ìsun omi àdúgbò wa: ẹ gbà wá nímọ̀ràn

Akọ̀wé Àdúgbò (Àkúrẹ́)

Ẹ kú ojúmọ́, ẹ̀yin èèyàn mi. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò kan ní Àkúrẹ́ níbí, tí Odò Àlà gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá. Ọ̀rọ̀ méjì ló ń jẹ wá lọ́kàn. Bí òjò bá ti dé, náílọ́ọ̀nù píọ̀ wọ́tà àti ike ọtí ẹlẹ́rìndòdò ni yóò dí ojú ihò abẹ́ afárá wa, omi yóò sì ya wọlé àwọn tó wà ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ìsun omi kan tún wà lábẹ́ ìrókò àgbà kan. Ibẹ̀ ni ìyá mi àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń pọn omi kí ẹ̀rọ tó dé àdúgbò, àwọn àgbà sì ṣì máa ń ṣètùtù níbẹ̀ lọ́dọọdún. Ààtàn ni àwọn èèyàn sọ ọ́ dà báyìí. Bí mo bá gba ibẹ̀ kọjá, ojú máa ń tì mí.

Ọmọ mi tó wà ní FUTA, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ tó wà ní Àkúrẹ́ níbí, fi ìkéde kan hàn mí lórí fóònù pé àjọ kan fẹ́ fún àwọn ará ìlú ní gíráǹtì (owó ìrànwọ́ tí a kì í san padà) fún iṣẹ́ àyíká àti ohun àjogúnbá. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ló kù kí wọ́n má gbàwé mọ́. ₦186,000 ló wà lápò ẹgbẹ́ wa. A ò tíì forúkọ sílẹ̀ ní CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ ilé iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ìjọba ìbílẹ̀ mọ̀ wá, a sì ní ìwé ẹ̀rí lọ́dọ̀ wọn.

Alága wa ní ká bèèrè ₦40,000,000, ká fi kọnkéré mọ ògiri sí etí odò méjèèjì, ká ṣe ọgbà ìgbafẹ́ yí ìsun omi ká, ká sì kọ́ gbọ̀ngàn ìpàdé. Lójú tèmi, ó ti pọ̀ jù, àmọ́ n ò mọ bí mo ṣe lè sọ ọ́ níṣojú àwọn àgbà. Ẹni tó bá ti gba irú owó yìí rí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lóye.

Bàbá Tíṣà (Òkè-Àró)

Akọ̀wé, ẹ kú iṣẹ́ àdúgbò. Ọlọ́run yóò máa ṣe é ní rere. Mo ti wà nínú ìgbìmọ̀ tó gba irú owó yìí lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ti kọ̀ wá ṣáájú. Àwọn ìwé tí wọ́n kọ̀, ilé, ọgbà àti ojú ọ̀nà ló kún inú wọn. Èyí tí wọ́n kọ́kọ́ gbà, kòtò àgbàrá kan ṣoṣo la sọ̀rọ̀ rẹ̀, ojú ìwé mẹ́ta péré ló sì jẹ́.

Ẹ yọ gbọ̀ngàn kúrò. Kò sí ẹni tó ń fi owó odò kọ́ gbọ̀ngàn. Ògiri kọnkéré létí odò, iṣẹ́ ìjọba nìyẹn, owó kékeré kò lè gbé e. Bí ẹ bá tilẹ̀ rí owó rẹ̀, tí ẹ bá ká odò mọ́ àárín ògiri méjì ládùúgbò tiyín, ṣe ni omi yóò máa sáré ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, orí àwọn ará ìsàlẹ̀ odò ni yóò sì já sí.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe kí ẹ tó kọ ọ̀rọ̀ kankan sílẹ̀ nìyí. Ẹ mú Sátidé mẹ́ta tẹ̀ léra. Ẹ kó ìdọ̀tí tó wà lójú ihò afárá, ẹ rọ ọ́ sínú àpò, ẹ ka iye àpò, ẹ gbé e sórí ìwọ̀n àwọn tó ń ra ike àti irin àlòkù. Ẹ ya fọ́tò lójú kan náà ní àárọ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì yà á ní ìrọ̀lẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ wọ ilé àwọn tí omi máa ń yà wọlé wọn, ẹ ní kí wọ́n fi ọwọ́ hàn yín ibi tí omi dé lára ògiri lọ́dún tó kọjá. Ẹ fi ẹfun fàlà síbẹ̀, ẹ fi téèpù wọ̀n ọ́n láti ilẹ̀, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ìwé àbá yín ti wà nílẹ̀ nìyẹn. Ẹni tó jókòó sí Àbújá tàbí Èkó kò mọ àdúgbò yín, ṣùgbọ́n yóò mọ ohun tí omi tó dé orúnkún túmọ̀ sí fún ilé tí ọmọ ọwọ́ wà.

Ní ti alága, ẹ má bá a jiyàn ní gbangba. Ẹ pè é wá sí Sátidé àkọ́kọ́. Ẹ jẹ́ kó jẹ́ òun ni yóò di téèpù mú.

Ìbéèrè tí wọ́n bi wá nígbà tí wọ́n wá wo ibi iṣẹ́, tó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dá wa dúró, ni pé: ta ni yóò máa kó ìdọ̀tí yìí lẹ́yìn tí owó bá tán? A ò tíì rò ó. A tún ní láti lọ pèpàdé, a pín ojúlé sí ọ̀nà mẹ́rin, apá kọ̀ọ̀kan ní ọ̀sẹ̀ tirẹ̀ lóṣù, ojúlé kọ̀ọ̀kan sì ń dá ₦200 fún ìbọ̀wọ́ àti àpò. Àwọn kan kì í san. Síbẹ̀, ó ń lọ títí di òní. Ẹ yanjú èyí láàárín ara yín kí wọ́n tó bi yín.

Lọ́yà Ìjàpọ̀

Ọ̀rọ̀ ìforúkọsílẹ̀ nìkan ni mo fẹ́ dá sí. Lábẹ́ CAMA ti 2020, òfin tó de ilé iṣẹ́ àti ẹgbẹ́, ohun tí irú ẹgbẹ́ yín máa ń jẹ́ ní CAC ni Incorporated Trustees, ìyẹn ẹgbẹ́ tí àwọn alágbàtọ́ (trustee) dúró fún. Ó kéré tán, trustee méjì. Ẹ ó gba orúkọ, ẹ ó kọ ìwé òfin ẹgbẹ́, ẹ ó mú àkọsílẹ̀ ìpàdé tí ẹ ti yan àwọn trustee wá, ẹ ó sì gbé ìkéde sínú ìwé ìròyìn méjì, kí ẹni tó bá ní àtakò lè sọ ọ́ láàárín ọjọ́ 28. Ọjọ́ 28 yìí nìkan ti jẹ mẹ́rin nínú ọ̀sẹ̀ márùn-ún yín.

Lẹ́yìn CAC, báǹkì yóò bi yín ní ìwé SCUML, ẹ̀ka tó ń gbógun ti fífi ọgbọ́n fọ owó èrú mọ́, kí wọ́n tó ṣí àkáǹtì fún irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀. Abẹ́ EFCC ni SCUML wà, ọ̀fẹ́ sì ni ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá ní kí ẹ san owó fún ìwé SCUML fúnra rẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ tirẹ̀ ló ń gba owó lé lórí, kì í ṣe owó ìjọba.

Nítorí náà, bí ìkéde yín bá ní ẹgbẹ́ tó forúkọ sílẹ̀ nìkan ló lè bèèrè, ẹ wá ẹgbẹ́ tó ti ní ìwé pé, kí ẹ jọ ṣe é. Kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ ìforúkọsílẹ̀ tiyín lónìí fún ìgbà mìíràn.

Akọ̀wé Àdúgbò (Àkúrẹ́)

Bàbá Tíṣà, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Lọ́yà, ẹ ṣeun púpọ̀. Ẹgbẹ́ kan ti gbà láti bá wa ṣe é, wọ́n ní ìwé gbogbo. Ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún owó náà ni wọ́n fẹ́ mú. Ṣé ó dáa bẹ́ẹ̀?

Ọmọ Èkìmọ̀gún (Oǹdó)

Iye tí wọ́n fẹ́ mú kọ́ ló yẹ kó kọ́kọ́ bà yín lẹ́rù. Ohun tí wọ́n máa ṣe fún un ni kí ẹ bèèrè. Bí wọ́n bá ń tọ́jú ìwé owó, tí wọ́n ń bá yín kọ ìròyìn, tí wọ́n sì ń san owó ẹni tó ń yẹ ìwé owó wò, ìdá 15 kò jù. Bí orúkọ lásán ni wọ́n fẹ́ yá yín, ìdá 5 gan-an ti pọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wa. Ẹgbẹ́ ńlá kan bá wa gba owó láti gbin igi sí etí odò. Owó wọ àkáǹtì wọn ní oṣù kẹta, a kò gbọ́. Oṣù keje la tó gbọ́, oṣù kẹsàn-án ló tó tẹ̀ wá lọ́wọ́. Kò sí ẹni tó jí i, gbogbo rẹ̀ pé. Ṣùgbọ́n ìgbà gbígbìn ti kọjá, a gbin igi nígbà tí òjò ń kásẹ̀ nílẹ̀, ẹ̀ẹ̀rùn sì pa ju ìdajì lọ. Àwa ni àwọn èèyàn àdúgbò ń wò lójú. Kò sí ìwé kankan láàárín àwa àti ẹgbẹ́ náà, ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni.

Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ojú ìwé kan tó. Ọjọ́ mélòó lẹ́yìn tí owó bá wọlé ni yóò dé ọwọ́ yín. Ta ni nínú yín tí yóò buwọ́ lù kí owó kankan tó jáde. Ta ló ń kọ ìròyìn. Àti èyí tí àwọn èèyàn máa ń gbàgbé: lẹ́yìn iṣẹ́, ta ló ni bárò, ṣọ́bìrì àti àdá? Ìjà tó burú jù tí mo rí nínú iṣẹ́ àdúgbò, orí bárò mẹ́rin ló ti bẹ̀rẹ̀.

Ìyá Ọjà Ọba

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má san kọ́bọ̀ fún ẹni tó bá ní òun lè bá yín gba gíráǹtì. Ẹnìkan gba ₦60,000 lọ́wọ́ ẹgbẹ́ ọlọ́jà wa, ó ní owó fọ́ọ̀mù ni. A ò rí fọ́ọ̀mù, a ò rí òun náà mọ́. Ẹni tó fẹ́ fún ọ lówó kì í kọ́kọ́ gba tìẹ.

Ọmọ Igbó

Ìmọ̀ igbó ni mo kà ní FUTA, mo sì bá àwọn ará ìlú gbin igi ní ọ̀nà Ìdànrè. Ohun mẹ́ta ni mo fẹ́ sọ.

Àkọ́kọ́, ètò kan wà tó ń jẹ́ GEF Small Grants Programme, ìyẹn owó kékeré láti inú àpò àgbáyé fún àyíká. Láti 1992 ló ti wà lágbàáyé, UNDP, àjọ ìdàgbàsókè ti Àjọ Ìparapọ̀ Àgbáyé, ló ń mójú tó o, ó sì ń ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà. Ẹgbẹ́ ará ìlú ló wà fún. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, 50,000 dọ́là ni kò gbọdọ̀ kọjá fún iṣẹ́ kan, èyí tó kéré sí i dáadáa sì pọ̀ nínú ohun tí wọ́n ń fún èèyàn. Ó tún ní owó kékeré kan tí ẹgbẹ́ lè fi múra ìwé àbá sílẹ̀. Ìgbìmọ̀ tó ń yan iṣẹ́ ní orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan, àwọn tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìjọba ló pọ̀ jù níbẹ̀. Kì í ṣe ìgbàkígbà ni wọ́n ń gbàwé, ẹ ó dúró de ìkéde wọn. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́: bí ẹ bá kọ ọ́ pé gọ́tà dí, wọn ò ní dá yín lóhùn. Ohun alààyè inú igbó àti inú omi, ilẹ̀ tó ń bàjẹ́, ojú ọjọ́ tó ń yí padà, kẹ́míkà àti ìdọ̀tí tó ń pa nǹkan, àwọn ni wọ́n ń náwó lé lórí.

Ìsun omi yín ló sún mọ́ ohun tí wọ́n ń wá ju afárá lọ. Ibi tí ará ìlú fúnra wọn fi èèwọ̀ pa mọ́ láti ayébáyé, wọ́n kà á sí ohun ńlá. Nítorí náà, ẹ lọ ka ohun tó wà níbẹ̀. Igi mélòó, irú ẹyẹ wo, ṣé akàn àti ọ̀pọ̀lọ́ ṣì wà lójú omi? Àwọn ìyá àgbà mọ orúkọ ewé ju àwa tó kàwé lọ. Ẹ jẹ́ kí ọmọ yín tó wà ní FUTA mú ọ̀rẹ́ kan láti ẹ̀ka wa wá, kí wọ́n jọ kọ orúkọ wọn sílẹ̀ ní Yorùbá, àwa ó bá yín wá ti àwọn onímọ̀.

Èkejì, igi. Ẹ máa gbọ́ lẹ́nu ọ̀pọ̀ èèyàn pé kí ẹ gbin ìrókò púpọ̀ yí ti àgbà yẹn ká. Ẹ má ṣe é. Kòkòrò kékeré kan tó ń jẹ́ Phytolyma máa ń yé ẹyin sára ọ̀mùnú ìrókò kéékèèké. Ewé á wú kókó, kókó á là, á jẹrà, orí igi á sì kú. Bí wọ́n bá ṣe pọ̀ lójú kan tó ní gbangba oòrùn ni kòkòrò ṣe ń gbádùn wọn. Mo ti rí oko ìrókò tí kò ku ẹyọ kan tó ga ju ìgbáròkó mi lọ. Ẹ gbin méjì tàbí mẹ́ta, lábẹ́ ìbòòji, láàárín igi mìíràn bí ọ̀mọ̀ àti afàrà. Ní etí odò gan-an, ọparun àti ògùrọ̀ ló máa ń di ilẹ̀ mú. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fún yín ní eucalyptus lọ́fẹ̀ẹ́ fún ìtòsí ìsun omi, omi tó ń mu pọ̀ jù.

Ìgbà gbígbìn ni ìparí oṣù karùn-ún sí oṣù keje. Bí owó bá dé ní oṣù kọkànlá, ẹ fi tọ́jú irúgbìn nínú ike títí òjò yóò fi padà. Kí ẹ sì fi owó omi bíbù nígbà ẹ̀ẹ̀rùn àkọ́kọ́ sínú ìṣirò yín. Àwọn tó bá padà wá lẹ́yìn ọdún kan, igi tó wà láàyè ni wọ́n ń kà, wọn kì í ka èyí tí ẹ gbìn.

Ẹ̀kẹta, bó bá jẹ́ pé ọmọ yín fúnra rẹ̀ ló fẹ́ ṣe ìwádìí ìdáàbòbò ẹranko tàbí igi níbẹ̀, Rufford Foundation ní Ìlú Ọba máa ń fún ẹnìkọ̀ọ̀kan ní owó kékeré. Ẹni mẹ́ta ló gbọ́dọ̀ jẹ́rìí sí i.

Àkúrẹ́ Lèmi (Èkó)

Mo ti ń kà á láti òkè bọ̀, inú mi sì dùn sí ìmọ̀ràn gbogbo yín. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan ń dùn mí. Ìsun omi táwọn àgbà ń ṣètùtù sí, ṣé dandan ni ká kọ ọ́ sínú ìwé ká fi ránṣẹ́ sí òyìnbó? Èwo ló tún kù tí a ó fi pa mọ́? Lónìí ẹ gba owó, lọ́la àwọn àlejò á máa ya fọ́tò lórí ibi tí bàbá ńlá wa ti bọ́ bàtà kó tó wọlé.

Ìyá Eléwé (Ìsìnkàn)

Ọmọ mi, ọ̀rọ̀ yín kì í ṣe ọ̀rọ̀ à-gbọ́-jù-sẹ́yìn. Ohun tí a ṣe ní tiwa ni pé a kò kọ nǹkan kan títí a fi jókòó ti àwọn àgbà tó ni ibẹ̀. A mú obì lọ. A bi wọ́n pé èwo la lè sọ, èwo la ò gbọdọ̀ sọ. Wọ́n fún wa ní gbólóhùn mẹ́ta. Gbólóhùn mẹ́ta yẹn la kọ, a kò fi ìkan kún un. Wọ́n ní fọ́tò láti ojú ọ̀nà, kì í ṣe láti inú. Àwọn tó fún wa lówó kò bèèrè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn àgbà fúnra wọn ló tẹ̀ka sábẹ́ ìwé, ìwé yẹn sì wúlò fún wa ju bí a ṣe rò, nítorí nígbà tí ẹnìkan fẹ́ ta apá kan ilẹ̀ náà, òun la gbé jáde.

Akọ̀wé, ohun kan tí wọn ò tíì sọ fún yín: ọwọ́ yín, owó ni. Ọ̀pọ̀ gíráǹtì ló ń bèèrè pé kí lẹ̀yin náà mú wá, ẹ ó sì máa rò pé ₦186,000 ni. Rárá o. Bí 30 èèyàn bá jáde ní Sátidé mẹ́jọ, iṣẹ́ òòjọ́ 240 nìyẹn. Ká ní ₦5,000 lẹ ó san fún lébìrà lóòjọ́, ₦1,200,000 lẹ ti fi sílẹ̀. Ẹ ka yàrá tí ẹ ń ṣèpàdé, ẹ ka mọ́tò tí ẹnìkan yá yín láti kó ìdọ̀tí, ẹ ka oúnjẹ táwọn ìyá sè. Ṣùgbọ́n ẹ ní láti ní ìwé tí oníkálukú ń buwọ́ lù lọ́jọ́ iṣẹ́, orúkọ, aago tó dé, aago tó lọ. Ẹni tí kò lè kọ̀wé, kó tẹ̀ka. Ìwé àkọsílẹ̀ ogójì ewé kan ló tó.

Rìsíìtì náà ńkọ́? Ọlọ́kadà àti oníyanrìn kì í já rìsíìtì. Ẹ ya ìlà sínú ìwé mìíràn: ọjọ́, ohun tí ẹ rà, iye, orúkọ ẹni tó tà á, nọ́ńbà rẹ̀, ìka rẹ̀. Lójú ẹsẹ̀ ni kí ẹ kọ ọ́, kì í ṣe nígbà tí ìròyìn bá di dandan.

Ará Ọ̀wọ̀

Mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ kún ti ohun àjogúnbá, nítorí ibẹ̀ ni èèyàn ti máa ń fi owó rere ba nǹkan jẹ́. Ní ilé ìdílé wa, ògiri amọ̀ kan wà tó ti dàgbà ju bàbá bàbá mi lọ. Nígbà tí a rí owó díẹ̀, a fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ láti òkè délẹ̀, ó ń dán, gbogbo ẹbí ya fọ́tò. Láàárín òjò mẹ́ta, ògiri bẹ̀rẹ̀ sí í wú nínú. Amọ̀ máa ń mí, ó máa ń mu omi láti ilẹ̀, á sì tú u jáde. Sìmẹ́ńtì dé e mọ́lé, omi há sínú, amọ̀ di ẹrẹ̀ lẹ́yìn èèpo tó dán yẹn. Ọjọ́ tó wó, àdánwò ni. Bí a bá mọ̀ ni, òrùlé la bá kọ́kọ́ tún ṣe, a bá sì fi amọ̀ bíi tirẹ̀ lẹ̀ ẹ́. Kò ní wọ́n tó sìmẹ́ńtì pàápàá. Nítorí náà, ẹ má fi kọnkéré yí ìsun omi yẹn ká. Ẹ lè dí ojú rẹ̀ pa.

Ẹ má sì gbẹ́lẹ̀ níbẹ̀ kọjá kíkó ìdọ̀tí. Ilẹ̀ ìpínlẹ̀ wa kì í ṣe ilẹ̀ lásán. Ní Ọ̀wọ̀ níbí, Igbó'Lájà tí Ekpo Eyo, onímọ̀ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, gbẹ́ láàárín 1969 sí 1971 ló mú àwọn ère amọ̀ jáde tí gbogbo ayé wá ń wò. Ní ihò àpáta Ìwó Elérú lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìsàrun, tí kò jìnnà sí Àkúrẹ́, Thurstan Shaw àti àwọn èèyàn rẹ̀ rí egungun èèyàn ní 1965, tó ti tó nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún mẹ́tàlá. Bí ṣọ́bìrì yín bá kan ìkòkò, ìlẹ̀kẹ̀ tàbí egungun, ẹ dáwọ́ dúró, ẹ ya fọ́tò, ẹ pe àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìjọba àpapọ̀. Òfin tó dá NCMM, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àti ohun ìrántí, sílẹ̀ ní 1979 kò fàyè gba kí ẹnikẹ́ni kàn máa wa irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ láìgbàṣẹ. Ibi tí ìjọba bá ti kéde ní ohun ìrántí orílẹ̀-èdè, ẹ ò gbọdọ̀ tún un ṣe láìsí ìwé wọn. Tiyín kò tíì rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n lẹ́tà kan láti ọ̀dọ̀ wọn pé àwọn mọ̀ nípa iṣẹ́ yín yóò fún ìwé àbá yín lágbára.

Ọmọ Òkè Ìdànrè

Ẹ kú iṣẹ́ gbogbo. Ẹ má ṣèlérí fún àwọn ará àdúgbò pé bí orúkọ ibẹ̀ bá ti wọ àkójọ kan, owó á máa ya wọlé. Òkè Ìdànrè wà lórí àkójọ ìdúródè UNESCO láti 2007, ìyẹn àkójọ àwọn ibi tó ń dúró kí wọ́n lè di ohun àjogúnbá àgbáyé. Iyì ńlá ni, a sì ń yangàn. Ṣùgbọ́n àkójọ yẹn fúnra rẹ̀ kì í ṣe àpò owó. Ìlú àtijọ́ tí àwọn bàbá wa fi sílẹ̀ lórí òkè ní 1923, àbójútó rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ àwa alààyè.

Bí ẹ bá fẹ́ gbé pátákó ìtàn kan kalẹ̀, ẹ kọ ọ́ ní Yorùbá lákọ̀ọ́kọ́, kí orúkọ ibẹ̀ sì wà bí ará Àkúrẹ́ ṣe ń pè é. Mo ti rí pátákó tí ìyá tó ni ìtàn inú rẹ̀ kò lè kà.

Bàbá Tíṣà (Òkè-Àró)

Ìyá Eléwé ti sọ ọ́ bó ṣe yẹ. Ẹ jẹ́ kí n fi ti àwọn ilé aṣojú ìjọba ilẹ̀ òkèèrè kún un. Japan ní ètò kan fún iṣẹ́ àwọn ará ìlú; fún ọ̀pọ̀ ọdún, mílíọ̀nù yen (owó wọn) mẹ́wàá ni kì í sábà kọjá. Ilé àti irinṣẹ́ ló ń san, kì í san owó oṣù. Australia ní Direct Aid Program, tí ó kéré sí i. Amẹ́ríkà dá owó kan sílẹ̀ ní 2001 fún ìtọ́jú ohun àṣà, ṣùgbọ́n èyí tóbi ju agbára yín ìsinsìnyí, àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ló sábà máa ń bá yẹ. Nílé níbí, ẹ béèrè lọ́wọ́ CSDA, àjọ ìdàgbàsókè àwùjọ ti ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ará ìlú fúnra wọn ló ń yan iṣẹ́ níbẹ̀, wọ́n sì ń dá apá tiwọn sí i.

Ẹ wo oṣù tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń ṣí, ẹ kọ ọ́ sára kàlẹ́ńdà ẹgbẹ́.

Ọmọ Èkìmọ̀gún (Oǹdó)

Ohun kan ṣoṣo kí n tó lọ: iye ọjà. A kọ ìṣirò tiwa ní oṣù karùn-ún 2023. Oṣù tó tẹ̀ lé e ni wọ́n tú náírà sílẹ̀ kí ọjà fúnra rẹ̀ máa dá iye rẹ̀. Nígbà tí ìpín kejì owó fi dé ní ìbẹ̀rẹ̀ 2024, àpò sìmẹ́ńtì kan ti kọjá ₦10,000. Ohun tó yọ wá ni pé a kọ lẹ́tà sí wọn kí a tó ná an, a ní owó yìí kò lè ṣe afárá ẹlẹ́sẹ̀ méjì mọ́, ẹyọ kan ló lè ṣe. Wọ́n dá wa lóhùn láàárín ọ̀sẹ̀ kan pé kò burú. Ẹgbẹ́ kan tí a jọ gbà á dín iṣẹ́ kù láìsọ. Wọn ò rí ìpín kẹta gbà.

Akọ̀wé Àdúgbò (Àkúrẹ́)

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin àti ọjọ́ díẹ̀ ti kọjá, mo padà dé.

Sátidé mẹ́ta la ṣe. Àpò 63 la kó lójú afárá. Ilé tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, sẹ̀ǹtímítà 71 ni omi dé lára ògiri rẹ̀. Alága fúnra rẹ̀ ló di téèpù mú, bí Bàbá Tíṣà ṣe wí. Ó wo ibi tí ẹfun wà, ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó wá bi ìyá tó ń gbé ibẹ̀ pé, "Ibo lẹ máa ń gbé àwọn ọmọ sí?" Ìyá nawọ́ sórí tábìlì. Kò sẹ́ni tó tún dárúkọ gbọ̀ngàn ní ìpàdé tó tẹ̀ lé e.

₦4,600,000 la bèèrè, fún odò nìkan: irin tí yóò máa gba ìdọ̀tí dúró kó tó dé ojú ihò, irinṣẹ́, ọparun àti ògùrọ̀ fún etí omi, àti owó omi bíbù ẹ̀ẹ̀rùn kan. Ẹgbẹ́ tí a jọ ṣe é gbà láti mú ìdá 10, a sì ti buwọ́ lùwé, bárò jẹ́ tiwa. A fi ìwé ránṣẹ́ ní ọjọ́ mẹ́rin ṣáájú ọjọ́ tí wọ́n dá.

Ti ìsun omi, a gbé obì lọ bá àwọn àgbà. Wọn ò fún wa ní gbólóhùn kankan. Wọ́n ní ká kọ́kọ́ fi ọwọ́ ara wa kó ààtàn kúrò, kí àwọn rí i pé a nífẹ̀ẹ́ ibẹ̀, lẹ́yìn náà ni àwọn yóò mọ ohun tí àwọn máa sọ. Àkúrẹ́ Lèmi, mo rò pé ọkàn yín yóò balẹ̀. A fi ọjọ́ méjì kó o. Nísàlẹ̀ gbogbo ìdọ̀tí yẹn, a bá òkúta pẹlẹbẹ mẹ́rin tí àwọn ìyá wa máa ń gbé ìkòkò lé, ojú ìkòkò ṣì wà lára wọn. Ìyá mi mọ èyí tó jẹ́ ti ìyá tirẹ̀.

Ìbéèrè tó kù: ewédò àti epo ọkọ̀ ti lẹ̀ mọ́ òkúta náà. Ará Ọ̀wọ̀, kí la lè fi fọ̀ ọ́?

Ará Ọ̀wọ̀

Omi lásán àti kànìnkànìn rírọ̀. Ẹ má lo búrọ́ọ̀ṣì onírin, ẹ má da ọṣẹ sítòsí ojú omi. Epo tí kò bá lọ lónìí, ẹ fi í sílẹ̀, òjò á bá yín ṣe díẹ̀. Kí ẹ sì ya fọ́tò rẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ kàn án, pẹ̀lú ìyá yín lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkúta tirẹ̀, bí àwọn àgbà bá gbà.